Fáìlì Tẹ́ Ẹ Pa Rẹ́ Kò Tíì Kú

Láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá, igbe kan náà là ń gbọ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà: "Yéè, mo ti dìlíìtì ẹ̀!" Bóyá iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ LASU kan tó ń gbé n'Ígándò ni, tó sì fẹ́ gbé e lọ fún ọ̀gá rẹ̀ lọ́la. Oníbàárà á fa ọmọ tó ń tẹ̀wé láṣọ, ọ̀gá á ní òun ò ní í san owó oṣù, kálukú á wá máa fọwọ́ tẹ kinní kiri. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdààmú yẹn gan-an ló ń pa fáìlì.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Bí lándílọ́ọ̀dù bá fagi lé orúkọ ayálégbé nínú ìwé rẹ̀, ṣé ẹrù ẹni náà ti kúrò nínú yàrá ni? Rárá o. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣì wà ńbẹ̀, ìkòkò rẹ̀ ṣì wà ńbẹ̀, àfi ọjọ́ tí ayálégbé tuntun bá kó dé. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe nìyẹn. Orúkọ ló fagi lé. Ọ̀rọ̀ inú fáìlì wà níbẹ̀ títí ohun mìíràn yóò fi jókòó lé e lórí.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yẹ inú Recycle Bin wò, ó ti wà nínú Windows láti 1995. Èyí tẹ́ ẹ bá pa rẹ́ lórí fláàṣì kì í sábà débẹ̀, èyí tẹ́ ẹ tẹ Shift mọ́ Delete pa, kì í débẹ̀ rárá. Bẹ́ ò bá rí i, ẹ jáwọ́. Ẹ má tẹ ìwé ẹlòmíì, ẹ má wa orin. Àwọn kan á sáré lọ wa Recuva tàbí PhotoRec sórí ẹ̀rọ kan náà; ayálégbé tuntun ni wọ́n fọwọ́ ara wọn mú wọlé yẹn! Orí kọ̀ǹpútà mìíràn ni kẹ́ ẹ gbé fláàṣì yẹn lọ, kẹ́ ẹ sì kó ohun tẹ́ ẹ bá rí síbòmíì. PhotoRec ò gba kọ́bọ̀, àmọ́ kì í rántí orúkọ. Nọ́ńbà ló máa kọ sára fáìlì, ẹ ó wá ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ laptop tó ń lo SSD, ẹ má fọkàn sí i púpọ̀. Ìyẹn máa ń gbálẹ̀ yàrá tó ṣófo fúnra rẹ̀, kì í sì í pẹ́ ṣe é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ń gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ tà ní Computer Village n'Íkẹjà, tẹ́ ẹ ti dìlíìtì fọ́tò kọ̀rọ̀ àti ìwé báńkì, tọ́kàn yín balẹ̀, ẹ kú àìfura. Bí hard disk àtijọ́ ló wà nínú ẹ̀, tẹ́ni tó rà á sì mọ PhotoRec lò, ẹrù yín ló máa kó jáde yẹn. Kódà fọ́máàtì oníkíákíá ò kó o kúrò. Ẹ ní kí wọ́n yọ dísìkì náà sórí ẹ̀rọ mìíràn, kí wọ́n yọ àmì kúrò níwájú Quick Format kí wọ́n tó fọ́máàtì ẹ̀. Ó lè gba wákàtí mélòó kan, ẹ rí i pé epo wà nínú jẹnẹrétọ̀.