“E ma lo”: Kí a tó gbé dáàmù sórí kọ̀ǹpútà

Orísun odò Ògùn kò jìnnà sí Ṣakí. Síbẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kẹ́ẹ̀gì omi là ń gbé kiri, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni kì í sì í jẹ́ ká sùn lálẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹ́tí sílẹ̀ bí mo bá gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ni yóò tún omi àti iná wa ṣe. Wọ́n ní kí a fi ẹ̀rọ kéékèèké sínú dáàmù àti páìpù omi, kí ó máa wọn bí omi ṣe ga tó àti bí tọ́báìnì ṣe ń yí sí, kí ó sì máa fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì.

Èrò náà dára. Ní ọdún 2015, ìlú Portland ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́báìnì mẹ́rin tó wà nínú páìpù omi ìlú pèsè iná. Agbára wọn jẹ́ kìlówáàtì 200.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo tiwa. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí dáàmù Ikere Gorge nítòsí Ìṣẹ́yìn, lórí odò Ògùn yìí kan náà. Wọ́n ní yóò fún wa ní omi mímu, omi oko àti iná mẹ́gáwáàtì 6. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, a ò rí iná. Dáàmù Ọ̀yán tó ń fún Èkó àti Abẹ́òkúta lómi gba tọ́báìnì mẹ́ta ní 1983, mẹ́gáwáàtì 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún 2007 dé, wọn ò tíì lò wọ́n. Kọ̀ǹpútà wo ni yóò ka ìyípo tọ́báìnì tí kò yí?

Ẹ̀rọ tí ń wọn omi pàápàá nílò iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó sì nílò ààbò. Ní 2013, àwọn kan láti Iran wọ inú kọ̀ǹpútà dáàmù kékeré kan, Bowman, nítòsí New York. Torí pé wọ́n ti já ilẹ̀kùn omi kúrò lára kọ̀ǹpútà nítorí àtúnṣe ni wọn ò fi lè ṣí i.

Ṣùgbọ́n èyí tó kan ẹ̀ka wa jù ni ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà yóò sọ. Bí dáàmù bá kún, tí wọ́n sì ṣí i, àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò gbọ́dọ̀ tètè mọ̀. Ká ní àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé lóru: “Omi n bo. E ma lo.” Ṣé “Ẹ máa lọ” ni, àbí “Ẹ má lọ”? Ọ̀kan ní kí o sá, èkejì ní kí o jókòó. Bẹ́ẹ̀, bí èmi gan-an ṣe ń tẹ méjèèjì sí ìyá mi nìyẹn, láìfi àmì kankan sí i. Nínú ọ̀rọ̀ ilé, ìyá mi á mọ èyí tí mo ń wí. Lójú omi, àṣìmọ̀ lè pa ènìyàn.

Èrò tèmi ni pé kí tọ́báìnì kọ́kọ́ yí, kí kọ̀ǹpútà tó tẹ̀ lé e. Kí ìkìlọ̀ sì jẹ́ ohùn ènìyàn, ní ẹ̀ka èdè àdúgbò, lórí fóònù àti rédíò, kí a ti gbé e fún àwọn apẹja àti àgbẹ̀ gbọ́ kí òjò tó dé. Onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan kò lè dá a ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá àkòrí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ẹ wá síbí. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, àjọ Ogun-Oshun River Basin ló ń ṣàkóso dáàmù méjèèjì; ẹ bá wa kan ilẹ̀kùn wọn.