Igba Ènìyàn, Ìjọba Tiwọn

Ní ilẹ̀ Nọ́rwèy, níbi tí òkùpòrókó ọbẹ̀ wa ti ń wá, erékùṣù apẹja kan wà tí ń jẹ́ Utsira. Nǹkan bí igba ènìyàn ni ń gbé ibẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ti ní ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn láti 1924. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Àwa ará Dọ̀pẹmu pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, abẹ́ Agége ni a sì wà. Ní 2003, ìjọba Èkó dá ìjọba ìbílẹ̀ 37 kún 20 tí ìwé òfin mọ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ní 2004 pé iṣẹ́ náà kò pé àfi bí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ọmọ ẹgbẹ́, ẹ bi àwọn tí ẹ dìbò fún léèrè: kí ni wọ́n ń dúró dè?