A KÌ Í FINÁ SÓRÍ ÒRÙLÉ SÙN

Ẹ̀yin ará wa nílé lóko, ẹ̀yin olùdìbò wa gbogbo, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà, kó kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1998, bàálù Swissair kan gbéra ní New York, ó ń lọ sí Geneva. Ènìyàn 229 ló wà nínú rẹ̀. Kò tíì pé wákàtí kan lójú ọ̀run tí àwọn awakọ̀ fi gbóòórùn nǹkan tó ń jó. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ amúlétutù ni. Kò pẹ́, èéfín yọ. Wọ́n ké sí àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀, wọ́n yà kúrò lọ́nà, ó di Halifax ní Kánádà. Ṣùgbọ́n epo tó wà nínú bàálù pọ̀ jù fún bíbalẹ̀, wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ da díẹ̀ nù. Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí iná fi gba òkè orí wọn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 péré lẹ́yìn òórùn àkọ́kọ́, bàálù já sínú òkun. Kò sẹ́ni tó yè.

Àwọn kan á ní awakọ̀ ló jẹ̀bi. Rárá o! Àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Kánádà kó àjákù bàálù náà jáde nísàlẹ̀ òkun, wọ́n tò ó pa pọ̀, wọ́n wádìí fún ọdún tó lé ní mẹ́rin. Ní 2003 wọ́n tẹ èsì rẹ̀ síta fún gbogbo ayé. Wọ́n ní bí awakọ̀ bá tiẹ̀ forí lé Halifax tààrà láti ìgbà tí èéfín ti yọ, wọn ò ní lè balẹ̀ láyọ̀. Wáyà ló ta iná lókè àjà. Ohun tí wọ́n fi bo ara bàálù nínú nítorí òtútù ló gbaná. Nǹkan yẹn sì rèé, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ti fọwọ́ sí i pé ó dára! Ìgbà tí ènìyàn 229 kú tán ni ìjọba Amẹ́ríkà tó pàṣẹ, ní 2000, pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ọgọ́rọ̀ọ̀rún bàálù.

Ẹ máa wí pé, àwa tí a kò wọ bàálù rí, kí ló kàn wá? Ẹ rántí Ìjù-Ìṣàgá ní Èkó, ní oṣù kẹfà 2012. Ènìyàn 153 tó wà nínú bàálù Dana ló kú, ó sì tún pa àwọn tó jókòó jẹ́ẹ́ sí àdúgbò wọn, tí wọn ò ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan.

Afárá tó ń sán, òrùlé ilé ìwé tó ń jò, wáyà iná tó rọ̀ sórí ọjà, gbogbo wọn ni ẹnì kan ti buwọ́ lù pé kò sí ewu. Ta ni? Ẹ béèrè, wọn ò ní dáhùn. Wọ́n á ní ẹ̀yin ẹgbẹ́ alátakò ń pariwo. Òórùn iná ni à ń gbọ́, amúlétutù ni wọ́n ń pè é!

Ohun mẹ́ta ni ẹgbẹ́ wa ń fẹ́. Èkíní, kí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò má jẹ́ ẹni tó ń jẹ nínú iṣẹ́ náà. Èkejì, kí èsì ìwádìí gbogbo jáde ní Yorùbá, kí akéde kà á létí ọba àti ará ìlú. Ẹ̀kẹta, kí orúkọ ẹni tó fọwọ́ síwèé wà lára iṣẹ́, kó lè jíhìn lọ́la.

Ọjọ́ ìdìbò ń bọ̀. Ẹ jáde, lọ́mọdé tó ti tó ìbò dì, lágbà. Ẹ má gba ìrẹsì kọ́ńgò kan ta òrùlé orí yín. Bí àwa náà bá débẹ̀ tí a bo èéfín mọ́lẹ̀, ìbò yẹn kan náà ni kí ẹ fi lé wa lọ.