A KÌ Í FÁRÍ LẸ́YÌN OLÓRÍ



Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni a fẹ́ bá yín sọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ọ̀kan nínú wa ti iṣẹ́ alẹ́ dé, ó ra iná Náírà 5,000 sí mítà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, owó bẹ́ẹ̀ ń fún un ní yúnìtì tí ó lé ní 60. Lọ́jọ́ náà, 20 àti díẹ̀ ni ó rí. Ó rò pé mítà ti bàjẹ́. Ó dé ọ́fíìsì àwọn oníná, wọ́n ní mítà kò ṣe nǹkan kan, pé àdúgbò rẹ̀ ti bọ́ sí Báǹdì A ni. Ta ni ó bi í léèrè? Kò sí. Ìwé wo ni ó fọwọ́ sí? Kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa tí a ń gbé àdúgbò náà ṣe di ará Báǹdì A.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Orí wa ni wọ́n fá yìí, wọ́n sì tún ní kí a san owó onígbàjámọ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta!

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tí ń ṣe àkóso iná gbé owó yúnìtì kan fún Báǹdì A kúrò ní nǹkan bí Náírà 68 sí 225. Ilé tí ó ń lo yúnìtì 5 lójúmọ́, tí ó ń san nǹkan bí Náírà 10,200 lóṣù, di ẹni tí yóò san 33,750. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin nígbà náà, Náírà 30,000 ni. Iná nìkan jẹ owó oṣù tán, ó sì jẹ gbèsè lé e! Lóòótọ́, wọ́n dín díẹ̀ kù nínú owó náà ní oṣù karùn-ún, òfin Náírà 70,000 sì jáde ní oṣù keje. Ṣùgbọ́n ṣé iná nìkan ni òṣìṣẹ́ ń jẹ ni?

Bí aláta bá fowó lé ata, a lè kọjá sí àtẹ kejì. Níbi iná, kò sí àtẹ kejì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013 tí ìjọba ti fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé iṣẹ́ kan lọ́wọ́, olúkúlùkù wọn ni ó ní agbègbè tirẹ̀. Ẹni tí kò ní ibòmíràn tí yóò lọ, òun gan-an ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi.

Àwọn kan yóò ní gáàsì ti wọ́n, dọ́là ti wọ́n, pé ìjọba kò lè máa bá wa san lára owó iná títí. A gbọ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ ká iná wákàtí 20, kí ó rà á. Ohun tí a kọ̀ ni pé kí wọ́n so ilé olówó àti yàrá kan òṣìṣẹ́ mọ́ wáyà kan ṣoṣo, kí wọ́n sì wí pé ọlọ́lá ni gbogbo wa.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí fún yín pé wọn kì í ṣàṣìṣe. Nínú oṣù kẹrin kan náà, NERC bu owó ìtanràn Náírà mílíọ̀nù 200 lé ilé iṣẹ́ tí ń pín iná ní Àbújá, nítorí pé ó gba owó Báǹdì A lọ́wọ́ àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún, NLC àti TUC lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì NERC àti ti àwọn oníná káàkiri.

Kí ni kí a ṣe? Wáyà ńlá tí wọ́n ń pè ní fídà ni wọ́n fi ń pín báǹdì, kì í ṣe ojúlé kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, igbe ẹnì kan kò lè mì wọ́n. Fídà ni wọ́n fi gbé wa. Fídà ni kí a fi dá wọn lóhùn.

Kí ojúlé kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré, kí ẹ máa kọ wákàtí tí iná dé àti èyí tí ó lọ. Àṣẹ NERC fúnra rẹ̀ wí pé bí fídà Báǹdì A kò bá pé wákàtí 20 fún ọjọ́ méje léra, kí wọ́n já a wálẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì iná. Ẹ para pọ̀ kọ ìwé ẹ̀sùn sí àwọn oníná, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sí NERC, tàbí sí àjọ ìpínlẹ̀ yín níbi tí ìpínlẹ̀ bá ti gba àkóso iná.

Ẹ má ṣe na àwọn tí ń gun òpó. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n, àwọn kọ́ ni wọ́n dá owó lé wa. Ẹ má sì ṣe fọwọ́ kan wáyà mítà; ẹjọ́ tí a jàre rẹ̀ ni yóò di ẹ̀bi.

Ẹ mú ìwé wákàtí yín wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa tí ń bọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ láéláé!