Owó Mọ́tò Ló Ń Dá Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Dúró, Ọwọ́ Ẹgbẹ́ Wa Ló Sì Wà

Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí, kí ẹ sì kà á sétí àwọn àgbà tí ojú wọn kò gba fóònù mọ́.

Bí wọ́n bá ti rí jẹjẹrẹ lára ènìyàn ní àdúgbò wa, owó ilé ìwòsàn ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ sọ. Òótọ́ ni, owó náà pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tí mò ń ṣe láti ojúlé dé ojúlé, mo ti rí i pé àwọn kan wà tí wọ́n ti sanwó ìtọ́jú, tí wọ́n sì tún dá a dúró láàárín ọ̀nà. Àwọn kan kò rówó mọ́tò mọ́. Àwọn kan kò rí ẹni bá wọn lọ. Àwọn mìíràn, ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló lé wọn wọ yàrá. Àwọn nǹkan mẹ́ta yìí kì í ṣe iṣẹ́ dókítà, iṣẹ́ wa ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpò owó ọkọ̀ fún aláìsàn, kí a sì bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí.

*Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀nà náà*

Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Àgbádárìgì lè yẹ ènìyàn wò, kí wọ́n sì kọ ìwé fún un. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹ̀rọ ìtànṣán, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ni wọ́n ń darí sí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣí NSIA-LUTH Cancer Centre lọ́dún 2019, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtànṣán mẹ́ta. Ohun rere ni fún gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó. Àmọ́ ẹni tó bá ń gbé Kankon yóò kọ́kọ́ jáde sí títì Sẹ̀mẹ̀, yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Mile 2, yóò sì tún wọ òmíràn kó tó dé Ìdí-Àràbà. Ẹ mọ títì yẹn. Ẹ mọ iye ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró.

Ìtọ́jú onítànṣán kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń ṣe é, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí méje, bí irú jẹjẹrẹ náà bá ṣe rí. Ká ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni. Ọjọ́ 25 nìyẹn. Aláìsàn yóò lọ, yóò bọ̀. Ẹni tó ń bá a lọ náà yóò lọ, yóò bọ̀. Ìrìn àjò 100 nìyẹn tí ẹnìkan máa sanwó rẹ̀, kí a tó mẹ́nu kan oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó ń ta gàrí tàbí àgbọn, tí kò sì lè jókòó sọ́jà mọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti dé, níbo ló ti fẹ́ rí i?

Bí owó bá tán ní ọ̀sẹ̀ kejì, á ní òun yóò sinmi díẹ̀, òun yóò padà lọ bí ọwọ́ bá ti dẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Wọ́n to àwọn ọjọ́ ìtọ́jú yẹn tẹ̀lé ara wọn nítorí pé bí a bá fi àyè sílẹ̀, jẹjẹrẹ náà máa ń rí àyè tún ara rẹ̀ kó jọ. Pàápàá jù lọ fún jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, bí ìtọ́jú bá ṣe ń falẹ̀ tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń dín kù tó. Owó ńlá tí ẹbí ti san sílẹ̀ lè bá owó mọ́tò kékeré lọ.

*Àpò owó ọkọ̀*

A mọ bí a ṣe ń kówó jọ. A ń dá àjọ, a ń dá èésú. Bí ẹnìkan bá kú láàárín wa, kó tó ọjọ́ mẹ́ta a ti mú àwọ̀ aṣọ, a ti dá iye tí oníkálukú máa mú wá. Mi ò bá ìsìnkú jà o, àgbà tó lọ ní láti gba ẹ̀yẹ. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, kí ló dé tí ọwọ́ wa fi ń yá sí òkú ju ẹni tó ṣì ń mí lọ?

Ẹgbẹ́ tó bá ní obìnrin 40, tí oníkálukú sì mú ₦500 wá lọ́sẹ̀, ₦20,000 ló máa wọlé lọ́sẹ̀ kan, ₦80,000 lóṣù. Kò lè san owó iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n ó lè mú kí ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú parí rẹ̀.

Ọ̀nà tí mo rò pé ó dára láti gbà ṣe é nìyí. Kí owó náà jẹ́ ẹ̀bùn, kì í ṣe ẹ̀yáwó. Kí ẹ má kó gbogbo rẹ̀ fún ẹbí lẹ́ẹ̀kan, nítorí owó tó bá wọ ilé tí ebi wà, ebi ló máa kọ́kọ́ ná an. Ẹ máa fún ẹni tó ń bá aláìsàn lọ ní ti ọ̀sẹ̀ kan ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ ṣètò ìdílé kan tàbí méjì tí yóò máa bá a lọ ní ìdàkejì, kó má jẹ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni yóò fi ilé ìwé sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bí ọmọ Kankon kan bá ń gbé Mushin tàbí Surulere, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gba aláìsàn sílé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Yàrá kan níbẹ̀ lè fi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún owó ọkọ̀ yẹn pamọ́ fún yín.

Mo gbọ́ tí àwọn àgbà kan ń sọ pé iṣẹ́ ìjọba nìyí. Mo gbà. Ó yẹ kí a sì béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ béèrè nípa Ìlera Èkó kí àìsàn tó dé. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn ńlá, ẹ béèrè ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní Medical Social Services, kí ẹ sì sọ fún wọn pé apá yín kò ká owó náà. Ẹ béèrè bákan náà nípa Cancer Health Fund ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún aláìní tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ tàbí ti prostate àwọn ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní kó wá lọ́jọ́ Ajé kò lè dúró de ìwé tí yóò jáde lóṣù tó ń bọ̀. Ká máa béèrè, ká sì máa dáwó.

*Ọ̀rọ̀ ẹnu wa*

Lọ́dún 2022, àjọ tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ó lé ní 127,000 ènìyàn tí jẹjẹrẹ tuntun hàn lára wọn ní Nàìjíríà, tí àwọn tó bá a lọ sì lé ní 79,000. Àìsàn tó mú irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ìyàwó kejì ló fi ṣe é.

“Ta lo ṣẹ̀?” “Wọ́n ti ṣe é.” “Irú rẹ̀ kì í yè.” Ẹ jẹ́ ká fi àwọn ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Bí ènìyàn bá gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní jáde mọ́, ẹni tí kò bá sì jáde mọ́ kò ní lọ sí ìtọ́jú. Jẹjẹrẹ kì í ràn nípa àwo, ife tàbí ibùsùn. Ìtànṣán tí ẹ̀rọ ń tàn sí ènìyàn láti òde kì í dúró sí i lára, ó lè gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kìkì ẹni tó gba kímò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sí iṣan, ni kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ fún bí ẹ bá ń palẹ̀ èébì tàbí ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́.

“Bí o bá fẹ́ nǹkan, pè mí” náà kò tó. Kò ní pè yín. Ẹ sọ pé, “Mò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, ṣé ẹja ni kí n sè wá àbí ẹ̀wà?” Ẹ má sì máa ka èèwọ̀ oúnjẹ fún un. Àwọn kan á ní kó má jẹ ẹran, kó má jẹ ẹyin, títí ara rẹ̀ á fi gbẹ tí dókítà kò ní lè fún un lóògùn mọ́. Ẹja tútù tí wọ́n sè jinná, ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fọ̀ dáadáa, ohun tó ń gbé ara ró nìwọ̀nyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á, èmi náà ń gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ fún un ní àgbo, kí dókítà kọ́kọ́ mọ̀, nítorí àwọn àgbo kan máa ń bá oògùn náà jà nínú ẹ̀dọ̀.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bí ara ẹni tó ń gba kímò bá gbóná tó 38, tàbí tó bá ń gbọ̀n, ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀ kí ẹ ní kó lọ sùn. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an, bó bá ṣe òru pàápàá. Kímò máa ń dín àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ kù, àkóràn kékeré sì lè pa á. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ ní awakọ̀ kan tí fóònù rẹ̀ kì í kú lóru.

Àwọn kan á ní aláìsàn kò fẹ́ kí ayé mọ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ bi í léèrè àwọn tó fẹ́ kó mọ̀. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn méjì péré, àwọn méjì yẹn lè gba owó náà, kí ìwé ẹgbẹ́ má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

*Lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá parí*

Àwọn tó bá rò pé kò sí ẹni tí ń ti inú rẹ̀ jáde, ẹ wo Betty Anyanwu-Akeredolu. Jẹjẹrẹ ọmú mú un ní nǹkan bí ọdún 1997, nígbà tí ọ̀pọ̀ ń fi í pamọ́. Ó sọ ọ́ síta, ó sì dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún náà. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, òun ni ìyàwó gómìnà Oǹdó.

Ṣùgbọ́n ẹni tó parí ìtọ́jú kò tíì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó lè rẹ̀ ẹ́ fún oṣù púpọ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kú tipiri, kí ọmọdé máa bá a gbé ìkòkò gbígbóná. Ọwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lè wú. Bó bá ń wú, kó má lọ gbé àpò àgbọn, kó wá rí nọ́ọ̀sì. Àwọn kan ní oògùn tí wọ́n gbọ́dọ̀ lò lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ara bá tilẹ̀ yá. Ẹ má sọ fún wọn pé, “Ṣé o ò tíì bọ́ nínú oògùn yìí ni?” Ọjọ́ àyẹ̀wò náà ṣì nílò owó mọ́tò, kí àpò ẹgbẹ́ má sì dé ẹnu lọ́jọ́ tí irun bá hù padà.

Bó bá jẹ́ akápò ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ dá ipò rẹ̀ padà fún un. Ẹ̀yin ọkọ, ìyàwó yín ṣì ni. Ẹ̀yin ọmọbìnrin àti àbúrò ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ẹ wá kí a yẹ yín wò. Ẹ sì mú àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Láti oṣù kẹwàá 2023 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Èkó, ọ̀fẹ́ ni.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò yè, mi ò ní tàn yín. Ẹni tí dókítà bá sọ pé ìwòsàn kò sí mọ́ fún ṣì ní ẹ̀tọ́ sí oògùn ìrora, títí kan mọfíìnì. Àwọn tó ń ṣe irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ wà ní UCH Ìbàdàn àti ní LUTH. Ẹ béèrè wọn. Kí ènìyàn má máa ké lóru kí àdúgbò máa gbọ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ìyálóde tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ aṣọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí n wá bá yín jókòó, ẹ ránṣẹ́ sí mi, n ó wá. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn, pàápàá àwọn ará wa ní ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, kí ẹni tó gbọ́ Ègùn túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ìyá wa tí kò gbọ́ Yorùbá.

Èmi ni nọ́ọ̀sì àdúgbò yín, Kankon.