Ọwọ́ Tó Ń Tọ́jú Ẹ̀yìn: Kí Ọmọ Wa Tó Lọ Kọ́ Chiropraxie

Bí ènìyàn bá jí ní ìdájí ní Kútọnu, tí ó dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, yóò rí iṣẹ́ tí ẹ̀yìn ọmọ ènìyàn ń ṣe ní ìlú yìí. Àwọn onízẹ́mì, nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè wọn, jókòó sórí alùpùpù títí ilẹ̀ fi ṣú, kòtò ojú ọ̀nà sì ń gbọ̀n wọ́n láti ìdí dé ọrùn. Àwọn ìyá wa ń ru ẹrù wọ Dantokpa. Aránṣọ tẹ̀ kòlọ̀ sídìí ẹ̀rọ. Akẹ́kọ̀ọ́ dorí kodò sójú fóònù. Nígbà tí alẹ́ bá lẹ́, kálukú a fọwọ́ ti ìbàdí, a ní: «Ẹ̀yìn ń dùn mí.» Kì í ṣe àwa nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a mọ̀ sí OMS, ní ní ọdún 2020, àwọn tí ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń bá jà káàkiri ayé tó mílíọ̀nù 619, àti pé kò sí àìsàn mìíràn tó ń sọ ènìyàn di aláìlèṣiṣẹ́ tó o.

Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tó gba báàkì ń sọ pé chiropraxie ni àwọn fẹ́ lọ kọ́, kí wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ ìṣègùn alájùmọ̀ṣe tí àwọn elédè Faransé ń pè ní médecine intégrative. Àwọn òbí a sì máa béèrè pé: iṣẹ́ wo nìyẹn? Ṣé dókítà ni ẹni tó ń ṣe é, àbí atò-eegun tó wọ aṣọ funfun? Níbo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ? Bí ọmọ bá sì padà délé, ta ni yóò mọ̀ ọ́n sí oníṣègùn? Ìbéèrè àgbà ni, ó sì tọ́ kí a dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láti inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ: «ọwọ́» àti «ìṣe». Ẹni tó ń ṣe é a máa fi ọwọ́ yẹ ọ̀pá ẹ̀yìn àti oríkèé ara wò, a sì máa fi ọwọ́ náà tì wọ́n kí wọ́n lè rìn bí ó ti yẹ, láìfi ọ̀bẹ lani, láìkọ oògùn fúnni. Ọ̀gbẹ́ni Daniel David Palmer ni ó dá a sílẹ̀ ní ìlú Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní Amẹ́ríkà. Àwọn onímọ̀ rẹ̀ gbà pé ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1895 ni ó kọ́kọ́ tọ́ ẹ̀yìn ẹnì kan. Ẹni náà ni Harvey Lillard, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń tún ilé ṣe nínú ilé tí Palmer ti ń ṣiṣẹ́, tí etí rẹ̀ kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ọdún 1897 ni Palmer dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

A kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́ fún ọmọ. Palmer kò jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kankan. Ohun tí ó sì fi kọ́ni pé eegun ẹ̀yìn tó yẹ̀ ni ìdí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àrùn kò dúró níwájú àyẹ̀wò ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ohun tí àyẹ̀wò kín lẹ́yìn kéré sí ìyẹn, ṣùgbọ́n ó wúlò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, OMS gbé ìlànà kan jáde lórí ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn tó ti di bárakú. Lára ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni eré ìdárayá, ìlàlóye aláìsàn, ìfọwọ́ra àti fífi ọwọ́ tọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Wọ́n kò fọwọ́ sí bẹ́líìtì tí àwọn kan ń dì mọ́ ìbàdí. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òun lè fi ọwọ́ wo ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ sàn, ẹ sá fún un, ìwé ẹ̀rí yòówù tí ó lè gbé kọ́ ara ògiri.

Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ti oṣù mẹ́fà. Nínú ìlànà tí OMS gbé jáde ní ọdún 2005, wọ́n ní ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí tí kò dín ní 4200, kí 1000 ó kéré tán nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ lára aláìsàn lábẹ́ ojú olùkọ́. Ọmọ wa tó gbọ́ Faransé ní àǹfààní níhìn-ín. Ní ilẹ̀ Faransé, Institut Franco-Européen de Chiropraxie ń kọ́ ọ nítòsí Paris àti ní Toulouse. Ní Kánádà, Université du Québec à Trois-Rivières bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1993. Ọdún márùn-ún ni ní méjèèjì. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè wo Gúúsù Áfíríkà, níbi tí yunifásítì ìlú Durban kan, Durban University of Technology, àti yunifásítì Johannesburg ti ń kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ nípa ara òkú, nípa iṣan, nípa kíka àwòrán eegun tí a ń pè ní radio, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù tí wọ́n ń kọ́ ni ìgbà tí kò yẹ kí ọwọ́ kan aláìsàn rárá: bí eegun bá ti ṣẹ́, bí ikọ́ ife bá ti wọ inú eegun ẹ̀yìn, tàbí bí jẹjẹrẹ bá ti jẹ ẹ́. Ẹni tí kò mọ èyí, tí ó fi agbára ti irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, lè sọ ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé di arọ.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ wa tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a bi í: ṣé ó ti jókòó ti atò-eegun rí? Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, àti ní òdìkejì ààlà ní Nàìjíríà, iṣẹ́ ìdílé ni títo eegun. Ọmọ a máa wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ó ti ń wá ibi tí eegun ti yẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ tó fọwọ́ kan aláìsàn. Òrí ni wọ́n fi ń ra ibẹ̀. Pákó ọparun àti aṣọ ni wọ́n fi ń dì í. Àwọn kan a máa ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti aláìsàn. Ọjọ́ tí adìẹ bá fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ ni wọ́n mọ̀ pé ó tó àsìkò láti tú igi. Ìmọ̀ ọwọ́ nìyí, ó sì ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sí oko àti sí ọjà.

Òtítọ́ kan náà tí a sọ nípa Palmer, a ó sọ ọ́ nípa tiwa. Bí a bá di igi le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ìka mọ́. Ẹran ara a kú, ilé ìwòsàn a sì gé ẹsẹ̀ ọmọ tó jẹ́ pé eegun kan péré ló ṣẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e kúrò nílé. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú eegun ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Nàìjíríà mọ irú ọgbẹ́ yìí dáadáa. Kì í ṣe ìkà ni atò-eegun; kò ní radio ni, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ ní àmì tí ó fi yẹ kí ó tú igi kíákíá.

Ibí ni ìṣègùn alájùmọ̀ṣe ti ní ìtumọ̀ fún wa. Kì í ṣe kí a da gbogbo ewé sínú ìkòkò kan. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí ilé ìwòsàn kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn, kí a sì wá fi ohun mìíràn tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé ó wúlò kún un: ìfọwọ́ra, eré ìdárayá, oúnjẹ tó yẹ, ìfọ̀kànbalẹ̀. Láti ìpàdé Alma-Ata ti ọdún 1978 ni ayé ti gbà pé oníṣègùn ìbílẹ̀ ní ipa nínú ìtọ́jú ìlú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ sì ni ọjọ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ ní Áfíríkà lọ́dọọdún. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ó ku ìbéèrè tó ń dààmú àwọn òbí jù: ta ni yóò mọ̀ ọ́n nílé? Ẹ wo ìtàn. Ní ọdún 1906, wọ́n ti Palmer fúnra rẹ̀ mọ́lé nítorí pé ó ń wo aláìsàn láìní ìwé àṣẹ. Ìpínlẹ̀ Kansas ló kọ́kọ́ fi òfin gba iṣẹ́ yìí ní ọdún 1913. Louisiana ló gbà á kẹ́yìn, ní ọdún 1974. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 2002 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ náà ní orúkọ. Òfin kì í bá ìmọ̀ rìn pọ̀. Nítorí náà, kí bàbá tó ta ilẹ̀, kí ìyá tó kó owó àjọ, kí wọ́n lọ béèrè lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ìlera nílé bóyá ìwé ẹ̀rí náà yóò ṣeé fi ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Kí wọ́n sì béèrè lọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà bóyá ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Ní Kútọnu níbí, Faculté des Sciences de la Santé ti Yunifásítì Abomey-Calavi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kinésithérapie, iṣẹ́ ọwọ́ tó sún mọ́ eléyìí, tí àwọn ilé ìwòsàn wa sì ti mọ̀. Ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ mọ ara, kí ó mọ aláìsàn ìlú rẹ̀, kí ó tó lọ fi ìmọ̀ òkèèrè kún un bí ọkàn rẹ̀ bá ṣì fẹ́ ẹ.

Ohun tí a ń bẹ̀rù kì í ṣe pé ọmọ wa yóò lọ. Ẹ̀rù tó ń bà wá ni pé yóò kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní òkèèrè, yóò sì padà dé kí ó máa tijú bàbá àgbà tó ń to eegun ní abúlé. Àti pé bàbá náà yóò kú láìsí ẹni tó kọ ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, láìsí ẹni tó sọ fún un pé igi rẹ̀ le jù. Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń kà wá, bí o bá lọ sí abúlé ní ìsinmi tó ń bọ̀, mú ìwé àti kálàmù dání. Kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, kí o bẹ̀ wọ́n kí o lè jókòó wo ọwọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì gba físà.