Ta Ni Yóò Ka Ilẹ̀ Jos Fún Wa?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jà ràn-ìn nínú ẹgbẹ́ wa láti bí oṣù méjì, òun ni mo fẹ́ dá sí lónìí. Ọmọbìnrin kan láàárín wa, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta ní yunifásítì, ló fẹ́ lọ gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní multivariate geostatistics. Ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé kí a ran òun lọ́wọ́. Àwọn àgbà kan ní orúkọ ẹ̀kọ́ náà nìkan ti tó láti lé ọkọ sá. Wọ́n ní kí ló dé tí kò lọ wá iṣẹ́ sí báǹkì. Èmi ò fara mọ́ wọn rárá.

Ìwé girama ni mo kà mọ, nítorí náà mo ní kí ọmọ náà ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọlọ́jà. Ohun tó yé mi nìyí. Bí ẹ bá gbẹ́ kànga sí ilé yín, tí aládùúgbò yín náà gbẹ́ tirẹ̀, omi méjèèjì á jọra wọn ju ti kànga tó wà ní òpin àdúgbò lọ. Gbogbo wa la mọ èyí. Ẹ̀kọ́ yìí ń fi ìṣirò wọn bí ìjọra náà ṣe ń dín kù bí a bá ṣe ń jìnnà síra, títí dé ibi tí ọ̀kan ò fi ní í sọ nǹkan kan nípa èkejì mọ́. Wọ́n ń yà á sórí ìwé, wọ́n sì ń pè é ní variogram. Bí wọ́n bá ti rí ìyẹn, wọ́n lè fi ìwọ̀nba ibi tí wọ́n ti bu ilẹ̀ wò sọ ohun tó ṣeé ṣe kó wà níbi tí wọn ò dé. Wọ́n á tún sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dá wọn lójú tó. Apá ìkẹyìn yìí ló wù mí jù. Mélòó nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń bá wa sọ̀rọ̀ ló ń sọ ibi tí ìmọ̀ wọn mọ?

Ilẹ̀ Áfíríkà níbí lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Danie Krige, ẹnjiníà nídìí wúrà Witwatersrand ní South Africa, ló ṣàkíyèsí pé ibi tí wọ́n bá sọ pé wúrà ti pọ̀ gan-an, bí wọ́n bá wà á tán, kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n sì pè ní aṣálẹ̀ kì í burú tó bí wọ́n ṣe rò. Ó kọ ọ́ sínú ìwé oyè kejì rẹ̀ ní 1951. Ará Faransé kan, Georges Matheron, sọ ọ́ di odidi ẹ̀kọ́ ìṣirò ní nǹkan bí 1962, ó sì fi orúkọ Krige pe ọ̀nà náà. Kí àwọn tó ń sọ pé oyè kejì kò wúlò jọ̀wọ́ gbọ́ ìyẹn dáadáa.

Ti multivariate tó wà níwájú ọ̀rọ̀ náà ńkọ́? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ó túmọ̀ sí pé ohun púpọ̀ ni wọ́n ń wò pa pọ̀, torí ilẹ̀ kì í gbé nǹkan kan ṣoṣo sínú. Ẹ rántí Zamfara ní 2010. Wúrà ni àwọn èèyàn ń wá. Òjé wà nínú òkúta kan náà, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà lọ òkúta yẹn ní àgbàlá ilé. Àwọn ọmọdé tó kú lé ní 400. Mi ò sọ pé ìṣirò nìkan ni ìbá gbà wọ́n o, àmọ́ ẹni tó bá ń wo wúrà tí kò wo òjé kò tíì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ tiwa níbí ńkọ́? Kùsà àti rélùwéè ló fa ọ̀pọ̀ bàbá wa wá sí Jos. Ẹni tí kò wa kùsà ń tajà fún àwọn tó ń wà á. Àwọn òyìnbó kó tánganran àti columbite lọ, wọ́n fi adágún omi àti òkìtì iyanrìn sílẹ̀ fún wa. Monazite wà nínú iyanrìn dúdú yẹn, thorium sì wà nínú monazite, ìtànṣán tí ojú ò rí ń jáde lára rẹ̀. A ń dáko ẹ̀ẹ̀rùn létí àwọn adágún náà, àwọn kan sì ti fi iyanrìn bẹ́ẹ̀ kọ́lé. Àyẹ̀wò thorium nílé àyẹ̀wò wọ́n. Àmọ́ ẹ̀rọ kékeré kan wà tí èèyàn lè gbé rìn káàkiri láti ka ìtànṣán náà, ìyẹn ò sì náni lówó tó bẹ́ẹ̀. Ká sọ pé a ṣe olówó iyebíye ní ojú ibi 40, a ṣe èyí tó rọrùn ní ojú ibi 400. Bí àwọn méjèèjì bá ń lọ sókè tí wọ́n ń wá sílẹ̀ pọ̀, èyí tó rọrùn á ran èyí tó wọ́n lọ́wọ́ láti kárí gbogbo àdúgbò. Iṣẹ́ tí ọmọ yẹn fẹ́ kọ́ nìyẹn. Cokriging ni wọ́n ń pè é, bí orúkọ náà bá tilẹ̀ lè ká ẹnu wa.

Àwọn kan ní kò síṣẹ́ nídìí ẹ̀. Òótọ́ ni pé mi ò rí ilé iṣẹ́ tó ń dúró dè é ní òpópónà Ahmadu Bello. Àmọ́ àwọn elépo rọ̀bì ń lò ó láti mọ bí epo ṣe wà lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn oní sìmẹ́ǹtì náà nílò rẹ̀, torí òkúta ẹfun tí magnesium bá pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń ba sìmẹ́ǹtì jẹ́, wọn ò sì lè fojú wò ó mọ̀. Ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń ṣe é, èyí tí wọ́n ń pè ní R, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe àìríṣẹ́, bí kò ṣe àwọn tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tẹ bọ́tìnnì láìdé oko rí. Mo ti kìlọ̀ ìyẹn fún un.

Ohun tó jẹ́ kó di ọ̀ràn ẹgbẹ́ ni pé kò síbòmíràn tí yóò lọ. Ọmọ tí a bí síbí, tó gbọ́ Hausa tó gbọ́ Berom, bó bá dé ibi tí wọ́n ti ń pín owó ìrànwọ́, wọ́n á ní kó mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá. Bó bá dé ìlú bàbá rẹ̀ ní ìhà ilé, wọ́n á bi í pé ọmọ ilé ta ni, ta ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Bí àwa náà bá tún ní ká ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí ni à ń sanwó ẹgbẹ́ fún? Owó tí a ń ná sórí àríyá ìparí ọdún, àwọn agbóhùnsókè àti aṣọ ẹgbẹ́, ìdajì rẹ̀ tó san owó ilé ìwé ọdún àkọ́kọ́.

Mo ti fi àbá náà ránṣẹ́ sí akọ̀wé, a ó dìbò lórí rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: kí ó mú kànga àdúgbò wa mọ́ ibi tí yóò ti ṣe ìwádìí. Ó ti gbà. Ó ní kí a ṣáà bá òun bẹ àwọn onílé, kí wọ́n má lé òun bí òun bá kanlẹ̀kùn pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́.